Ìbọn Ní Apátí, Kò Ní Apátí: Alágbẹ̀dẹ àti Àtúnṣe Ìbọn ní Ilẹ̀ Yorùbá

Bàbá ọlọ́dẹ kan ń ṣọ́ òpópónà wa ní Dópẹ́mú, ní agbègbè tí Àgége àti Alímọ̀ṣọ́ ti pàdé lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ láti Èkó sí Abẹ́òkúta. Ṣakabùlà ni ó máa ń gbé kọ́ èjìká. Ó pẹ́ kí n tó ṣàkíyèsí pé ìbọn náà kò pé. Ọ̀pá rẹ̀ wà, igi ìdí rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, níbi tí ó yẹ kí irin tí ń ṣáná wà, ṣófo. Ihò ìdè méjì péré ni ó kù níbẹ̀. Mo bi í léèrè. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ló wà. Ọmọ mi, olè tó bá pàdé mi lóru, ṣé yóò kọ́kọ́ tan iná wò ó bóyá apátí wà níbẹ̀ ni?"

Àbọ̀ òwe ni Bàbá fi dá mi lóhùn. Òwe náà ní odidi rẹ̀ ni pé: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a dojú ìbọn kọ òun? Ìdajì kejì ni àwọn tó ń túmọ̀ òwe sábà máa ń tẹnu mọ́, èyí tó dá lórí ìbẹ̀rù àti ìṣọ́ra. Ìdajì àkọ́kọ́ ni ó gba àfiyèsí mi. Kí òwe yìí tó lè wọ̀ wọ́n létí, ó di dandan kí àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ti máa rí ìbọn tí kò ní apátí nílé àti lóko, kí wọ́n mọ̀ pé apátí jẹ́ ohun tí a lè tú kúrò lára ìbọn, pé ó máa ń bàjẹ́, àti pé ẹnì kan wà nítòsí tí a lè gbé e lọ bá. Ìbọn tí kò ní apátí kì í ṣe àlọ́. Ìbọn tí ó ń retí alágbẹ̀dẹ ni.

Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí, apátí kò ju irin tí ìka ń fà lọ. Nínú àròkọ yìí, n óò lo ọ̀rọ̀ náà fún odidi ẹ̀rọ tí ń mú ìbọn dún: irin tí ìka ń fà, òòlù kékeré tí ń ṣubú, eyín tó dá òòlù náà dúró, àti àwọn sípíríǹgì tí ń tì wọ́n. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé alágbẹ̀dẹ Yorùbá lè kọ́ apátí nínú ilé ara rẹ̀ nítorí pé nínú ilé bíi tirẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Nígbà tí ìbọn mìíràn dé, tí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ inú ilé mọ́, kì í ṣe òye alágbẹ̀dẹ ni ó kọ́kọ́ tán. Oúnjẹ ìbọn ni ó kúrò níkàáwọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni òfin wá sọ èyí tí ó lè fọwọ́ kàn àti èyí tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Àwọn onímọ̀ ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí ìbọn nínú ìtàn wa. J. F. Adé Àjàyí àti Robert Smith kọ ìwé lórí ogun jíjà láàárín àwọn Yorùbá ní ọdún 1964. S. A. Akíntóyè tẹ ìwé tirẹ̀ lórí Èkìtìparapọ̀ jáde ní ọdún 1971. Robin Law wo ẹṣin àti ìbọn pọ̀ ní ọdún 1976, J. E. Inikori sì ṣe ìṣirò iye ìbọn tó wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1977. Ìbéèrè wọn ni pé: nígbà wo ni ìbọn dé, ta ni ó tà á, mélòó ni ó wọlé, ta ni ìbọn sì jẹ́ kí ó borí? Ìbéèrè gidi ni gbogbo wọn. Àmọ́ ẹni tó bá ka iye ìbọn tó wọ èbúté kò tíì ka iye tó ṣì ń dún lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ogun Kírìjì àti àwọn ìjà tó so mọ́ ọn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká tán kúrò ní bùdó títí di ọdún 1893. Ọdún 16 nìyẹn nínú òjò àti ìrì, èyí tí irin kò fẹ́ràn. Láìsí ẹni tó ń tún ìbọn ṣe, igi ìdáná ni ọ̀pọ̀ ìbọn ì bá dà kí ogun tó dé àárín.

Apátí tí a fi ọwọ́ ṣe

Orúkọ àwọn ará Dẹ́ńmáàkì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ṣakabùlà, nítorí pé àwọn oníṣòwò Dẹ́ńmáàkì wà lára àwọn tó ń ta irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ní etíkun Gold Coast, níbi tí wọ́n ní ilé odi sí títí tí wọ́n fi tà wọ́n fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1850. Orúkọ náà lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni ibi tí a mọ̀ jù lọ fún ṣíṣe ìbọn tí wọ́n ń kó wá tà ní Áfíríkà. Birmingham pàápàá kò dá a ṣe. Darlaston àti Wednesbury, ìlú kékeré méjì nítòsí rẹ̀, ni wọ́n ti ń ṣe apátí. Iṣẹ́ ìdílé ni, nínú ṣọ́ọ̀bù kótópó lẹ́yìn ilé: bàbá, ọmọ, bóyá ọmọṣẹ́ kan pẹ̀lú wọn, fáìlì lọ́wọ́, iná èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nítorí pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, apátí méjì kì í bá ara wọn mu délẹ̀délẹ̀. Bí eyín kan bá kán lára ìbọn kan, a kò lè yọ ti ìbọn kejì fi rọ́pò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. A ní láti rọ òmíràn, kí a máa fi fáìlì bù ú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi wọ àyè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún alágbẹ̀dẹ ní Ìbàdàn, ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Iléṣà. Apátí tí wọ́n gbé wá bá a kì í ṣe ohun àràmàǹdà tí ẹ̀rọ kan bí. Iṣẹ́ ọwọ́ alágbẹ̀dẹ bíi tirẹ̀ ni, tí a fi òòlù, iná àti fáìlì ṣe nínú agbo ilé kan. Ẹni tó bá ní ojú inú lè ka iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó ṣe é lára rẹ̀. Nínú agbo ilé ni àwa náà ti ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ. Ọmọ á kọ́kọ́ máa fẹ́ ẹwìrì, á máa fi ẹ̀mú di irin mú fún bàbá rẹ̀, kí wọ́n tó fún un ní ọmọ owú láti lu irin lórí owú. Kò sí ìwé nínú ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ á wo bàbá, á tú u, á tò ó padà, á sì tún un tú.

Bí a bá ṣí apátí ìbọn olókùúta, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀. Òòlù kékeré kan di akọ òkúta mú lẹ́nu. Sípíríǹgì ńlá kan ń tì í láti inú. Irin kan tí a gé eyín méjì sí ni ó dá òòlù náà dúró: eyín kìíní fún ìsinmi, èkejì fún yíyìn. Nígbà tí ìka bá fa irin ìsàlẹ̀, eyín yóò bọ́, òòlù yóò ṣubú, akọ òkúta yóò ha ojú irin líle kan, iná yóò sì ta sínú àwo kékeré tí ẹ̀tù wà. Láti inú àwo náà ni iná ti ń gba ihò tíńrín wọ inú ọ̀pá lọ bá ẹ̀tù tí a kì sí ìdí. Kò ju èyí lọ.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ó le. Ìdè tí a ń yí kò sí lára ọkọ́ tàbí àdá. Ní ti sípíríǹgì, ó béèrè ohun tí irinṣẹ́ oko kì í béèrè. Ohun tí a ń fẹ́ lára ẹnu àdá ni kí ó mú kí ó sì le. Ohun tí a ń fẹ́ lára ọkọ́ ni kí ó má tètè jẹ. Sípíríǹgì gbọ́dọ̀ tẹ̀, kí ó sì padà, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìgbà, láìkán àti láìrọ̀. Irin tí a mú gbóná tí a sì rì sínú omi á le, ṣùgbọ́n á kán bí àwo amọ̀ bí a kò bá tún dá a padà sí iná díẹ̀ kí líle rẹ̀ lè rọ̀ mọ níwọ̀n. Àwọ̀ irin lójú iná ni a fi ń mọ ìwọ̀n náà, ìdí kan sì nìyí tí inú ilé arọ́ fi ń ṣókùnkùn: oòrùn máa ń pa irọ́ nípa àwọ̀ irin. Ojú alágbẹ̀dẹ ni ohun ìwọ̀n rẹ̀.

Títún apátí ṣe kò sì parí síbi kí ó ṣáà ti dún. Bí sípíríǹgì bá lágbára jù, á máa fọ́ akọ òkúta. Bí ó bá rọ̀ jù, iná kò ní ta. Bí eyín bá jẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ jù, ìbọn lè dún fúnra rẹ̀ lórí èjìká ọdẹ, ẹni tó ń rìn níwájú ni yóò sì kú. Bí eyín bá jìn jù, ọdẹ á fà á títí ọ̀pá ìbọn yóò fi yẹ̀ kúrò lára ẹran. Láàárín ìwọ̀nyí ni alágbẹ̀dẹ ti ń wá ọ̀nà. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀, bí àwọn àgbà ti wí. Nídìí apátí, ohun tó fẹ́ fà yọ kò ju ìbú èékánná lọ, ẹ̀mí ènìyàn sì wà lórí rẹ̀.

Kírìjì àti ìbọn tí a ń kì láti ìdí

Samuel Johnson, ẹni tó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní ọdún 1897 ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ ẹ́ jáde títí di ọdún 1921, sọ pé ìbọn tí àwọn Ìjẹ̀bú gbé wá sí ogun Òwu ní nǹkan bí ọdún 1821 ni ó dá àwọn Òwu lágara, nítorí pé idà àti àdá ni àwọn Òwu gbẹ́kẹ̀ lé. Àwọn Ìjẹ̀bú sún mọ́ òkun, wọ́n sì tètè rí ìbọn rà. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ìbọn ti di ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ìbàdàn kò ní èbúté. Bí Ẹ̀gbá tàbí Ìjẹ̀bú bá ti ọ̀nà pa, kò sí ìbọn tuntun, ẹ̀tù á sì wọ́n.

Àmọ́ ìlú tí a ti ọ̀nà mọ́ kì í ṣe ìlú tí ìbọn rẹ̀ kú. Apátí tó kán, alágbẹ̀dẹ ìlú lè rọ òmíràn. Ọta, ó lè gé e láti ara irin tó wà nílẹ̀. Ẹ̀tù nìkan ni ó ṣòro, a sì lè tọ́jú ẹ̀tù pamọ́ sí ibi gbígbẹ. Ìdí nìyí, lójú tèmi, tí ìdènà ọ̀nà fi ń fìyà jẹ Ìbàdàn láìpa á. Kì í ṣe akínkanjú ológun nìkan ni ó gbé e dúró. Alágbẹ̀dẹ wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò ka orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn Balógun.

Ìyípadà dé nígbà tí Èkìtìparapọ̀ dojú kọ Ìbàdàn. Lẹ́yìn tí Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí ti gbéjà ko àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní ọdún 1878, tí Ògèdèǹgbé Iléṣà sì wá di olórí ogun, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó dá owó jọ, wọ́n sì ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé. Ọ̀nà ìlà-oòrùn tó gba Oǹdó kọjá, èyí tí ìjọba Èkó ṣí ní ọdún 1872, kò sí lábẹ́ Ẹ̀gbá tàbí lábẹ́ Ìbàdàn. Ìbọn Snider wà lára ohun tí wọ́n rí gbà, àti Martini-Henry pẹ̀lú. Láti ìdí ni a ti ń kì wọ́n. Ẹni tó ń yìn wọ́n kò ní láti dìde dúró láti fi igi ti ẹ̀tù bọ ẹnu ìbọn, ọta wọn sì ń rìn jìnnà ju ti ṣakabùlà lọ fíìfíì. Láàárín òkè tó wà ní agbègbè Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, ìró ìbọn ń dún gba inú àfonífojì kọjá, láti ara ìró náà ni ogun sì ti gba orúkọ rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò nìyí. Snider kì í ṣe ìbọn tuntun látòkèdélẹ̀. Ìbọn Enfield tí a ń kì láti ẹnu ni àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì gé ìdí rẹ̀ ní ọdún 1866 tí wọ́n sì fi ìlẹ̀kùn sí; apátí rẹ̀ ti tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú òòlù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ni wọ́n fi sílẹ̀ lára rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tó ti ṣí apátí ṣakabùlà kò ní ṣìnà nínú rẹ̀. Martini-Henry, tí wọ́n tẹ́wọ́ gbà ní ọdún 1871, yàtọ̀. Kò ní òòlù lóde rárá. Sípíríǹgì tó lọ́ bí ìgbín wà ní ìkọ̀kọ̀ inú irin, ẹ̀rọ ni wọ́n sì fi gé àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe apátí ni ó di alágbẹ̀dẹ lọ́wọ́ jù. Kátíríìjì ni. Ṣakabùlà ń jẹ ẹ̀tù èyíkéyìí àti ọta èyíkéyìí. Snider kò jẹ nǹkan kan àyàfi kátíríìjì tirẹ̀, tó ní ìwọ̀n tirẹ̀, tí ohun tí ń mú un gbiná sì wà ní ìdí rẹ̀. Ilé arọ́ kò lè rọ ọ́. Ìbọn tó lágbára jù ni ó gbára lé Èkó jù.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni a rí àbájáde rẹ̀. Ààrẹ Látòósà kú sí bùdó ní ọdún 1885. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ní ọdún 1886, Gómìnà Èkó sì ni alárinà. Nígbà tí ìjọba Èkó gbéjà ko àwọn Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, àwọn Ìjẹ̀bú pọ̀ ju àwọn tó wá bá wọn jà lọ, ìbọn kò sì wọ́n wọn. Ìbọn Maxim ni ó dojú kọ wọ́n. Ọ̀rọ̀ apátí ti kọjá ibi tí fáìlì lè dé.

Ìbọn tí òfin fi sílẹ̀ fún wa

Ní ọdún 1890, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù àti àwọn mìíràn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn kan ní Brussels lórí òwò ẹrú. Ọ̀rọ̀ ìbọn wà nínú rẹ̀. Wọ́n fòfin de kíkó ìbọn ìgbàlódé àti kátíríìjì wọ apá tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Áfíríkà, ṣùgbọ́n wọ́n fàyè gba ìbọn olókùúta tí kò ní ìlà nínú ọ̀pá, àti ẹ̀tù ọjà lásán. Àlàyé wọn ni pé ìbọn ìgbàlódé ń ran àwọn akẹ́rú lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ òótọ́ ní ibòmíràn. Ní ilẹ̀ wa, ohun tí ó ṣe ni pé ó dá àwa àti alágbẹ̀dẹ wa padà sọ́dọ̀ ìbọn tí àwọn tó fọwọ́ sí i ti pa tì fún ogun jíjà ní nǹkan bí ogójì ọdún ṣáájú.

Ìpín yẹn ni ó sì wà títí dòní. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959, tó ṣì wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà, pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Ìsọ̀rí kìíní ni èyí tí a kà léèwọ̀ fún aráàlú. Ẹni tí a bá ká mọ́ ọn lọ́wọ́ kò ní lo iye tó dín ní ọdún 10 lẹ́wọ̀n. Ìsọ̀rí kejì gba ìbọn ọdẹ tí ń lo kátíríìjì. Ìsọ̀rí kẹta ni ìbọn tí a ń kì láti ẹnu, ṣakabùlà ni ó sì ṣíwájú níbẹ̀. Ìlà kan wà nínú ìsọ̀rí kìíní tí mo máa ń padà kà. Ìbọn ìléwọ́ gbogbo ni ó kà léèwọ̀, ìyẹn rifọ́fà àti irú rẹ̀, ó sì fi kún un pé títí kan ìbọn ìléwọ́ olókùúta. Apátí kan náà ni, òòlù kan náà, eyín méjì kan náà. Bí ọ̀pá rẹ̀ bá gùn, ìsọ̀rí kẹta ni. Bí ó bá kúrú débi tí ó fi lè wọ abẹ́ agbádá, ìsọ̀rí kìíní ni. Àwọn tó kọ òfin náà mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù.

Rifọ́fà fúnra rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ rere fún ọ̀rọ̀ yìí. Samuel Colt ará Amẹ́ríkà gba ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní ọdún 1836. Nígbà tí ó kó o lọ sí àpérò ńlá ìlú London ní ọdún 1851, ohun tí ó fi ń yangàn jù ni pé ẹ̀rọ ni ó fi gé ẹ̀yà ara ìbọn rẹ̀, tí a fi lè yọ ti ọ̀kan rọ́pò ti èkejì. Ìyẹn gan-an ni òdìkejì Darlaston. Síbẹ̀, bí a bá yọ àgbá ọta rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀lú irin tíńrín tí ń yí i bí òòlù ti ń lọ sẹ́yìn, ohun tó kù kò jìnnà sí ti ṣakabùlà: òòlù, sípíríǹgì pẹlẹbẹ, àti eyín tí ìka ń tú sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí òfin fún láyè láti ní rifọ́fà lè jókòó nídìí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, kí ó tú u palẹ̀, kí ó máa fi òkúta ìpọ́nbẹ dán ojú eyín rẹ̀ kí ìka lè fà á wọ́ọ́rọ́wọ́. Eré ìdárayá ni fún un. Ní Dópẹ́mú, ẹ̀wọ̀n ni. Òfin 1959 kò dúró lórí níní ìbọn nìkan: ó ka ṣíṣe ìbọn, títò ó àti títún un ṣe léèwọ̀, àfi ní ilé ohun ìjà ti ìjọba tàbí fún ẹni tó gba ìyọ̀ǹda tí òfin là sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ohun ìjà ti ìjọba àpapọ̀ dé sí Kàdúná ní ọdún 1964. Kò sí ilé arọ́ nínú ètò náà.

N kò sọ pé kí a fún gbogbo ènìyàn ní rifọ́fà. Ẹni tó ń gbé Èkó tó sì ti gbọ́ ìró ìbọn adigunjalè lóru kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó dùn mí gẹ́gẹ́ bí òpìtàn ni pé òfin tó fi alágbẹ̀dẹ apátí sínú òkùnkùn fi ìtàn rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ayé Kírìjì, a kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé kò gun ẹṣin. Lóde òní, a kò lè kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé a lè ti ipa bẹ́ẹ̀ mú un.

Dópẹ́mú kì í sì í ṣe àjèjì sí ìtàn yìí. Lẹ́yìn tí ogun parí, oko kòkó àwọn ará Èkó bíi J. K. Coker ní Àgége gba àwọn òṣìṣẹ́ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Yorùbá, àwọn tó jẹ́ pé ogun ni ì bá gbé wọn lọ bí ó bá jẹ́ ogún ọdún ṣáájú. Àdá ni wọ́n ń lò, alágbẹ̀dẹ sì ni ó ń bá wọn pọ́n ọn. Oko náà ti di ilé. Àwọn tó ń fi iná jó irin pọ̀ ní ẹ̀bá títì wa. Géètì, àgò fèrèsé àti ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ni iṣẹ́ wọn. Ọlọ́dẹ ló kù tó ń gbé ṣakabùlà. Nígbà tí wọ́n dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2020 ní àwọn ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù, irú ìbọn tó yẹ kí wọ́n gbé wà lára ohun tí a kọ́kọ́ jiyàn lé lórí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọdẹ tó gbé ìbọn ìsọ̀rí kẹta wá láti ilé.

Apátí Bàbá ti padà dé. Ó jẹ́ kí n gbé ìbọn náà wò lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù kan lálẹ́ ọjọ́ kan, láìsí ẹ̀tù nínú rẹ̀. Òòlù rẹ̀ ti pẹ́, ìpata ti jẹ ẹnu rẹ̀ yíká, ó sì lè jẹ́ pé ó dàgbà ju èmi àti Bàbá lọ. Sípíríǹgì rẹ̀ tuntun ni. Ó dúdú, ojú fáìlì sì ṣì hàn lára rẹ̀, ìlà wẹ́wẹ́ tí gbogbo wọn dojú kọ ọ̀nà kan. Mo fa òòlù sẹ́yìn díẹ̀. Ó dúró lórí eyín kìíní, ó sì dún kẹ́. Mo sọ pé ẹni tó ṣe é mọ iṣẹ́. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni, pé láti ọ̀dọ̀ bàbá tó bí i lọ́mọ ló ti kọ́ ọ. Kò dárúkọ rẹ̀, kò sì sọ ibi tó ń gbé. Èmi náà kò béèrè.